Aṣọ Tí A Kò Fi Bo Iyé Àgbà

Ilé wa ní Ayewa,
Ilẹ̀ Bùnú.
Ọjọ́ kejì ọjà.

Dúpẹ́ ọmọ mi,

Okun o. Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo kí ọ kú ìlú onílùú. Àwa náà wà ńbí, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi ṣọ̀tá, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ilé ìdáná láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ní òun máa tún ṣe tí kò rí i ṣe tó fi lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, o pè mí. O ní iléeṣẹ́ tó ń tẹ aṣọ l'Ékòó ti gbà ọ́, pé ìwọ ni yóò máa ya àpẹẹrẹ tí wọ́n ń tẹ̀ sára aṣọ. Mo pariwo, mo jó, títí orúnkún fi rán mi létí ọjọ́ orí mi. Ìgbà náà lo wá sọ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àpótí yín, ẹ ya fọ́tò aṣọ Iyé Àgbà, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí kálukú mú nǹkan ilé rẹ̀ wá. Òun ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.” Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Irọ́ ni mo pa. Nẹ́tíwọ̀kì dáa lọ́jọ́ náà ju bó ṣe máa ń dáa lọ. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ bí ẹni pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lo dúró sí. Èmi ni mi ò dáa.

Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ sórí fóònù, torí ohun téèyàn bá sọ sórí fóònù lóde òní, kí oòrùn tó wọ̀, ẹnì kan ní Mọpà á ti gbọ́ ọ, á sì ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kàdúná. Ìwé yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń bọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń lọ. Jókòó kà á. Má kà á lórí ìdúró.

O sọ pé òpin oṣù yìí ni ọ̀gá yín fẹ́ rí àpẹẹrẹ náà, pé wọn yóò fi orúkọ rẹ sí i lábẹ́ òfin, kí ẹlòmíràn má lè tẹ irú rẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, o rò pé àlàyé ni kò yé mi. O ní, “Màmá, fọ́tò lásán ni. Aṣọ náà ò ní kúrò nínú àpótí yín. Wíwò kì í gbé nǹkan lọ. Tá ò bá sì tètè fi orúkọ tiwa sí i, ará òkèèrè ló máa wá gbé e.” Ọ̀rọ̀ rẹ mọ́gbọ́n dání, ọmọ mi. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé mo ti gbọ́ ọ rí. Ẹnu ara mi ni mo ti gbọ́ ọ, kí n tó bí ọ.

O rò pé ogún ni aṣọ tó wà nínú àpótí mi. Gbogbo yín lẹ rò bẹ́ẹ̀, mo sì jẹ́ kẹ́ ẹ máa rò ó. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀.

O ò mọ Iyé Àgbà dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ nígbà tó lọ. Ìyá tó bí bàbá rẹ ni. Kò ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí nǹkan bá sì pa á lẹ́rìn-ín, imú ló fi ń rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́ mi ní aṣọ híhun. Kàbà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ilé ìwé ni mo ti jáde wá sílé ọkọ, mo mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ranwú. Ó jókòó tì mí lẹ́bàá òfì tó fẹ̀yìn ti ògiri nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mo bá já òwú, á so ó. Bí mo bá tún já a, á tún so ó, á ní, “Ìyàwó, òwú ò lẹ́jọ́, má bá a jà.” Kò sí àpẹẹrẹ tí mo nawọ́ sí tí kò kọ́ mi, àfi ẹyọ kan.

Lágboolé wa nígbà náà, obìnrin tó bá ń hunṣọ máa ń ní aṣọ kan tí kò ní tà, tí kò ní yá ẹnikẹ́ni. Òun ni wọn yóò fi bò ó lọ́jọ́ tó bá kú. Fúnra rẹ̀ ni yóò ro àpẹẹrẹ rẹ̀, yóò máa hun ún díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìkórè ọdọọdún, yóò sì fi etí rẹ̀ kan sílẹ̀ láìparí, torí wọ́n ní ẹni tó bá parí tirẹ̀ ti ń pe ikú. Ìyàwó ilé lè bá a ranwú rẹ̀, ó lè bá a rẹ ẹ́ láró. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kó ka fọ́nrán rẹ̀. Tó o bá ń kọjá lẹ́bàá òfì náà, wàá wo ibòmíràn. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ti Iyé, ẹsẹ̀ àdàbà ló ń pè é. Ilẹ̀ aṣọ náà funfun, ìlà aró mẹ́ta ló là á já, láàárín àwọn ìlà náà ló wá fi òwú pupa yọ ẹsẹ̀ ẹyẹ kéékèèké sókè, ìka mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, bí ẹni pé ẹyẹ kan rìn kọjá lórí ilẹ̀ tí kò sì padà. Ìwọ náà ti rí i. O ti fọwọ́ pa á rí nígbà tó o wà ní kékeré, mo sì gbá ọ lọ́wọ́, o sunkún, o ò mọ ohun tó o ṣe.

Ó wù mí. Mo kàn ní kí n sọ òótọ́. Ó wù mí débi pé mi ò lè wo ibòmíràn. Bí Iyé bá ti lọ oko láàárọ̀, mo máa ń mú ìwé ilé ẹ̀kọ́ mi àti pẹ́ńsù, màá jókòó síwájú òfì, màá sì máa kà: funfun mẹ́rìnlá, pupa méjì, funfun mẹ́ta, pupa méjì. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi kà á tán. Àwọn ìyàwó ilé tó kù lè jí i wò kí wọ́n sì gbàgbé, torí ojú nìkan ni wọ́n ní. Èmi, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tí bàbá mi fi òógùn ojú rán mi lọ kà ni mo fi jí nǹkan ìyá ọkọ mi.

Ohun tí mo ń sọ fún ọkàn mi nígbà yẹn ni ohun tí ìwọ sọ lọ́jọ́ Àìkú. Aṣọ Iyé ṣì wà lórí òfì, kò fi fọ́nrán kan dín. Olè wo ló jalè tí ẹrù olóhun ò dín?

Ilé ìyá mi ní Kàbà ni mo ti lọ hun ìborùn àkọ́kọ́, fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣègbéyàwó ní Ẹ̀gbẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́ jáde, àwọn obìnrin yí i ká. Ẹnì kan béèrè pé, “Ta ló ro iṣẹ́ yìí?” Mo sì wà níbẹ̀, ẹnu mi yá, mo ní, “Èmi ni.”

Dúpẹ́, mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí. Kíka tí mo ka òwú burú. Híhun tí mo hun ún burú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí Ọlọ́run dá ọ̀kan padà fún mi nínú gbogbo rẹ̀, gbólóhùn kékeré yẹn ni màá ní kó dá padà.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń wá a. Ilé ìyá mi náà ni mo ti ń hun ún, wọ́n ń gbà. Ọmọbìnrin kan láti Ẹ̀gbẹ̀ gba ọ̀kan, ó tú u fọ́nrán fọ́nrán, ó mọ ìdí rẹ̀, ó sì gbé tirẹ̀ wá sí ọjà Kàbà. Mo lọ bá a. Mo jà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ṣọ. Mo ní olè ni, pé ó jí iṣẹ́ mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ bí àdàbà ni?” Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín ká ní kì í ṣe èmi. Wọ́n ní ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Èmi fọn tèmi láàárín ọjà, mo tún ń bínú pé ẹlòmíràn ń fọn ún.

Nígbà tí oyún rẹ wà nínú mi, Iyé ká aṣọ náà kúrò lórí òfì. Ó ní ojú òun ti ń ṣókùnkùn, òun ò rí fọ́nrán mọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ bá a kẹ́dùn. Nígbà tí mo bí ọ, òun ló wẹ̀ ọ́ fún oṣù mẹ́fà gbáko, òun ló ń pọ̀n ọ́ tí mo bá lọ oko. Ojú tí kò rí fọ́nrán, ó ń rí ẹ̀gún kékeré ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ, á sì yọ ọ́. Mi ò ronú kàn án.

Ó kú lọ́dún tó o pé ọdún mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, ẹni tẹ́ ẹ̀ ń pè ní Àǹtí Bọ́sẹ̀, ló gbé aṣọ náà jáde láti inú apẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé èmi kì í pe orúkọ rẹ̀, Ìbàdíàrán ni mò ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, torí ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé. Ó dúró pẹ̀lú aṣọ náà lápá, ó ń wo àgbàlá. Àwọn èèyàn ti ń dé láti Kàbà, láti Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀, láti Kiri. Èmi náà wo ohun tó ń wò. Obìnrin kan fi ẹsẹ̀ àdàbà pọ̀n ọmọ. Òmíràn fi ká òṣùkà, ó gbé iṣu lé e. Ọlọ́kadà kan ti ya tirẹ̀, ó fi nu ìjókòó alùpùpù. Ibi gbogbo ni àdàbà Iyé ti rìn dé.

Ìbàdíàrán ká aṣọ náà padà. Ó ní, “A ò ní fi eléyìí bò ó.” Wọ́n lọ ra aṣọ funfun kan ní ṣọ́ọ̀bù, irú èyí tí wọ́n fi ń bo tábìlì, òun ni wọ́n fi sin obìnrin tó hunṣọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ìkòkò. Kò jókòó. Ó gbé aṣọ náà lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, “Gbà. Tìẹ ni.” Ó sì lọ. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, nígbà ayẹyẹ nìkan la máa ń kí ara wa.

Bàbá rẹ ló sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Kò mọ̀ pé èmi ni mo tan àpẹẹrẹ náà kálẹ̀, ó rò pé àwọn ará ọjà ló jí i wò. Ó ní kí wọ́n tó bí òun, Iyé sin ọmọ méjì láàárín oṣù kan. Ó ní ẹ̀yìnkùlé ni Iyé máa ń jókòó sí nígbà ọ̀fọ̀ náà, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, eérú ìdáná ló máa ń wò. Lójoojúmọ́, àdàbà kan á bà lé eérú náà, á rìn kọjá, á fò lọ. Ó ní ibẹ̀ ni ìyá òun ti rí iṣẹ́ ọnà náà. Bàbá rẹ sọ ọ́ tán, ó dìde lọ tú ewúrẹ́ lókùn. 

Ó dáa, mo ti sọ èyí tó nira. Ó ku ìmọ̀ràn.

Èkíní: má sọ ọ́ mọ́ pé wíwò kì í gbé nǹkan lọ. Òótọ́ ni pé mi ò gbé aṣọ Iyé. Ohun tí mo gbé ni pé tirẹ̀ nìkan ni. Ọmọ méjì ló fi ra ẹsẹ̀ ẹyẹ yẹn, a sì fi nu alùpùpù. Kí ọwọ́ rẹ tó kan iṣẹ́ kankan, béèrè ohun tó bí i.

Èkejì: mi ò ní kó o má ṣe wo iṣẹ́ ẹlòmíràn o. Ta ló bí ọmọ pẹ̀lú òfì lọ́wọ́? Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ara Iyé ni mo ti rí i, ara ìyá tirẹ̀ ni òun náà ti rí i. Bí kálukú bá di iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ àyà, aṣọ híhun ì bá ti kú kí àwa tó dáyé. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n na ọwọ́ rẹ̀ sí ọ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n yí ojú rẹ kúrò lára rẹ̀. O mọ ìyàtọ̀ náà. Èmi náà mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àbí kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tí Iyé bá lọ oko nìkan ni mo ń mú pẹ́ńsù?

Èkẹta: abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Béèrè nígbà tí ẹni tó lè dá ọ lóhùn ṣì wà láyé. Má jẹ́ kí ìtìjú tàbí ìgbéraga dí ọ lẹ́nu. Tó bá ní rárá, rárá náà ìdáhùn ni, gbà á, kó o lọ wá tìẹ.

Tó bá sì dé ọ̀rọ̀ òfin tẹ́ ẹ̀ ń sọ, mi ò lòdì sí òfin. Ó dáa kí ẹni tó làágùn lórí iṣẹ́ ní ìwé tó sọ pé tòun ni. Ká ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà fún Iyé, bóyá ẹ̀rù ì bá bà mí. Ṣùgbọ́n wò ó, ọmọ mi: èmi tí mo jí i ni mo mọ̀wé kọ. Tí wọ́n bá gbé ìwé òfin wá sí Ayewa lọ́dún yẹn, èmi ni ǹ bá kọ orúkọ sí i. Iyé ò mọ lẹ́tà kan. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó kọ́kọ́ dé pẹ̀lú bírò, àfi kí ẹni tó di bírò náà mú bẹ̀rù Ọlọ́run. Ní báyìí ìwọ lo di í mú.

Mi ò rántí iye tí mo ti kà mọ́. Òmíràn ni pé tó o bá ṣẹ̀, tètè jẹ́wọ́. Gbogbo ọdún tí Iyé fi pọ̀n ọ́, a jọ ń jẹun, a jọ ń ṣa òwú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo ń sọ pé ó di lẹ́yìn ìkórè, ó di lẹ́yìn ọdún Kérésì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ju ogún ọdún lọ.

Ọjọ́ náà ni Ọjọ́bọ̀ tó kọjá.

Lẹ́yìn tó o pè, mo tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Mo ní bóyá èmi ni mò ń fi ẹ̀ṣẹ̀ tèmi dínà fún ọ. Ó ṣe tán, ta ló tún ń hun ún? Kò sí òfì kan mọ́ ní gbogbo agboolé yìí, ikán ti jẹ igi ti Iyé, a fi èyí tó kù dáná. Ọmọbìnrin Ẹ̀gbẹ̀ yẹn ti darúgbó bíi tèmi. Tí o kò bá tẹ̀ ẹ́, yóò kú sínú àpótí. Mo rò ó, mo rò ó, ni mo bá di aṣọ náà, mo wọ mọ́tò dé Kàbà, mo wọ òmíràn dé Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀, mo lọ bá Ìbàdíàrán ní ilé ọkọ rẹ̀ láti bá ọ tọrọ rẹ̀.

Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ìgbà tí a ti rí ara wa kẹ́yìn, Dúpẹ́. Mi ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, èmi náà ò sì béèrè. Ó mọ ohùn mi kí n tó kí i tán. “Okun o, ìyàwó,” ó ní. “O pẹ́ kó o tó dé.” Mo gbé aṣọ náà lé e lẹ́sẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe gbé e lé mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ sí. Ó fi ìka wá etí rẹ̀ tí kò parí, ó rí i, ó dì í mú. Mo wá jẹ́wọ́. Mo sọ ti pẹ́ńsù, mo sọ ti ọjọ́ mọ́kànlá, mo sọ ti “èmi ni.”

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, “Iyé mọ̀.”

Ó ní lọ́jà Kàbà ni. Àwọn méjèèjì jọ ń rìn, Iyé rí aṣọ náà lẹ́yìn obìnrin kan, ó tẹ̀ lé e títí dé ibi tí wọ́n ti ń ta ata, ó ń wò ó. Ó ní òun fẹ́ wá sílé wá bá mi jà lọ́jọ́ náà gan-an, òun ti so gèlè mọ́dìí. Iyé di òun lọ́wọ́ mú. Ó ní, “Má bá a jà. Oyún wà nínú rẹ̀.” Ọjọ́ kejì ló ká aṣọ náà kúrò lórí òfì.

Mo béèrè pé kí ló dé tí òun fi gbé e fún mi lọ́jọ́ ìsìnkú, ṣé kó lè máa dùn mí ni. Ó mi orí. Ó ní, “Èmi? Èmi fẹ́ dáná sun ún ni. Iyé ló ní kí n fún ọ. Ó ní, ‘Ẹ má fi bò mí, gbogbo ayé ti wọ̀ ọ́. Ẹ fún ìyàwó. Òun ló wù jù.’”

Mo ti kọ ìwé yìí láti àárọ̀, ibí yìí nìkan ni mo ti dúró. Mo bá ẹ̀ṣẹ̀ kan gbé ní gbogbo àkókò yìí, mo rò pé mo mọ bó ṣe tóbi tó.

Mo rántí ohun tí mo bá wá. Mo ní, “Dúpẹ́ ń tọrọ rẹ̀.” Ó ní, “Èmi kọ́ ni mo ni ín, ìwọ náà kọ́. Ẹni tó ni ín kò lè dáhùn mọ́.” Ó ká aṣọ náà, ó wá ọwọ́ mi, ó fi lé e. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí mọ́tò ìkẹyìn fi fẹ́ lọ.

Torí náà, ọmọ mi, mi ò ní ya fọ́tò rẹ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé nǹkan tó o ní o máa mú wá kò sí. Tó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Ìwọ náà ní ojú. Jókòó, kó o wo nǹkan bí Iyé ṣe wo eérú, kó o yà á, kó o fi orúkọ rẹ sí i láìṣojo. Kò ní tètè dé. Ti Iyé náà kò tètè dé.

Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan èmi náà á lọ, àpótí á sì di tìẹ. Mi ò ní lè dì ọ́ lọ́wọ́ mú nígbà náà. Ẹ má fi aṣọ náà bo èmi náà, mo ti wọ̀ ọ́ kọjá ẹ̀tọ́ mi. Tí ọkàn rẹ bá ní kó o tẹ̀ ẹ́, kí ayé má bàa gbàgbé rẹ̀, ìwọ àti Ọlọ́run ló kù. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: tí wọ́n bá béèrè ẹni tó ro iṣẹ́ náà, ìbéèrè tí wọ́n bi mí ní Ẹ̀gbẹ̀ ni wọ́n ń bi ọ́ yẹn. Má dáhùn bí mo ṣe dáhùn. Má kọ orúkọ rẹ, má kọ tèmi.

Ìyàwó kì í pe orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé bàbá rẹ títí di òní, mi ò pè é rí, nígbà tó wà láyé tàbí lẹ́yìn tó kú. Ìdí nìyí tí ìwọ gan-an ò fi mọ̀ ọ́n, Iyé Àgbà lo gbọ́ tí mò ń pè é. Màá kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ báyìí, kí bírò yìí lè san ẹyọ kan padà fún un nínú ohun tí mo gbà.

Ọmọ́dọlá ni orúkọ rẹ̀. Òun ló rò ó.

Èmi tí mo bí ọ, tí Iyé sì bá mi pọ̀n ọ́,
Ìyá Dúpẹ́.